Ìyá Ọkọ Ìyàwó Inú Àwo Fídíò

Nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni ọkùnrin náà wọ ṣọ́ọ̀bù tí Nantume ti ń ṣiṣẹ́ fídíò ní ìlú Nyendo, ó sì yọ àwo fídíò kan tó fi áńkáṣíìfù wé jáde láti inú àpò kóòtù rẹ̀. Lwanyaga lorúkọ rẹ̀. Ó máa tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó múra dáadáa, àmọ́ kì í wo èèyàn lójú.

"Ìgbéyàwó mi ni, ti ọdún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn," ó ní. "Àwo kan ṣoṣo tó kù nìyí. Mo fẹ́ kí ẹ kó o sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ gé e, kí ẹ sì ṣe àwo tuntun fún mi kó tó dìrọ̀lẹ́."

"Kí ni ká gé níbẹ̀, ọ̀gá?"

"Obìnrin tó jókòó lápá ọ̀tún mi. Gbogbo ibi tó bá ti yọjú, ẹ yọ ọ́ dànù."

Nantume nu àwo náà láti àárín bọ̀ sí etí, ó tì í sẹ́nu ẹ̀rọ. Ojú àwo náà ti ha púpọ̀. Ẹ̀rọ ń kùn, ó ń dúró, ó tún ń kùn, odindi wákàtí kan ló sì gbà kí fídíò tó jáde tán. Fáìlì mẹ́rin ló bọ́ sílẹ̀, torí irú àwo àfọwọ́ṣe bẹ́ẹ̀ kì í tọ́jú fídíò ní odidi. Ó lè gé ọ̀rọ̀ mọ́ àlùfáà lẹ́nu. Nantume kọ́kọ́ so wọ́n pọ̀ ná, kó tó máa wá ibi tó máa gé.

Ọkọ àti ìyàwó jókòó lábẹ́ àtíbàbà. Lápá ọ̀tún ọkọ ni màmá kan tó sanra wà, nínú aṣọ òde gomesi aláwọ̀ ewé tó ń dán, pẹ̀lú yẹtí wúrà. Ẹni tó ya fídíò ti kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀: ÌYÁ ỌKỌ ÌYÀWÓ.

Ọwọ́ Nantume dúró. "Ọ̀gá, ìyá ọkọ ni wọ́n kọ síbí o."

"Mo mọ ohun tí wọ́n kọ."

"Àbí ẹ̀yin àti ìyá yín ń jà ni?"

Lwanyaga wolẹ̀. "Wọ́n kú láàárọ̀ àná. Ọ̀la la máa sin wọ́n."

Nakku, tó ń ta ṣájà fóònù lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà, pàtẹ́wọ́. "Háà! Òkú ò tíì wọlẹ̀, ọmọ ti ń pa á rẹ́! Bọ̀dá, kí ni màmá ṣe fún yín?"

"Wọn ò ṣe nǹkan kan."

"Àbí ojú ń tì yín pé àwọn ló bí yín?"

"Ojú ń tì mí," Lwanyaga ní. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ti ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀ tipẹ́. "Ẹ ṣáà bá mi gé e, àǹtí."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n bí irú yín," Nakku ní, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i.

Ó yẹ kí Nantume dá àwo náà padà fún un. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì ṣe é. Ó ní iṣẹ́ niṣẹ́. Ó gé ibi tí ìyàwó ti kúnlẹ̀ gbé kéèkì fún màmá náà. Ó gé ibi tí màmá ti gbé ọwọ́ sókè, tó ń súre fún wọn. Bó ṣe ń gé e ni ìtìjú ń mú un, àfi bí ẹni ń bọ́ aṣọ lára àgbàlagbà. Ìyá Nantume fúnra rẹ̀ wà ní ìlú Kalungu, ó ti pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn, Nantume ò gbé e. Ó yọ́ ẹ̀dà odindi fídíò náà pamọ́ sí kọ̀rọ̀ kan nínú kọ̀ǹpútà, bóyá ọjọ́ kan àwọn ọmọ ọkùnrin náà á wá béèrè màmá wọn àgbà.

Ó wá kan àsìkò oúnjẹ nínú fídíò náà. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde láti ibi tí wọ́n ti ń dáná, aṣọ ara rẹ̀ ti ṣá, èédú wà lára gèlè rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú tábìlì pẹ̀lú kẹ́tùlù àti abọ́, ó ń da omi sí ọkọ ìyàwó lọ́wọ́. Ọkọ ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, kò wolẹ̀. Omi ta sí etí apá kóòtù rẹ̀. Obìnrin náà fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó pẹ́ díẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ó sì dìde.

"Èyí ò wúlò," Nantume ní. "Ọwọ́ ẹni tó ń yà á ń gbọ̀n. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Igbe náà le débi pé Nakku yíjú padà. Lwanyaga wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí. Ẹ bá mi mú un rọra lọ, kó pẹ́. Kí ẹ sì gbé e síwájú, òun ni kó kọ́kọ́ jáde."

"Ẹ gbọ́ nǹkan!" Nakku ní. "Ó ní ká yọ ìyá, ó ní ká tọ́jú ẹni tó ń kúnlẹ̀ fún un. Ìgbéraga á pa yín, bọ̀dá!"

Inú ń bí Nantume náà, ṣùgbọ́n ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ó fa ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá gùn títí ó fi di ogójì. Lwanyaga fi áńkáṣíìfù bo ẹnu, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà.

"Níbo lẹ fẹ́ lò ó ná?" Nantume bi í.

"Níbi ìsìnkú lọ́la. Wọn ò ní àwòrán míì láyé yìí."

"Àwòrán wọn tí ẹ ní ká gé tán?" Nakku fèsì láti ẹnu ọ̀nà.

Lwanyaga na ìka sí obìnrin tó kúnlẹ̀ náà, ó ní, "Ìyá mi nìyí. Ìyẹn tí ẹ gé, mo háyà rẹ̀ kó ṣe bí ìyá mi ni, torí ìṣẹ́ ìyá mi ń tì mí lójú, àmọ́ ìyá mi gbọ́ nípa ìgbéyàwó náà, wọ́n wá bá àwọn alásè dáná, wọ́n sì kúnlẹ̀ da omi sí mi lọ́wọ́, bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí."