Òyìnbó Arúgbó Kan ní Iléṣà

"Bàbá, ẹ rọra sọ̀kalẹ̀," ni afinimọ̀nà wí, ó sì di òyìnbó arúgbó náà lápá mú. Láti Òṣogbo ló ti ń mú òun àti ìyàwó rẹ̀ wo àwọn ìlú àtijọ́, nínú mọ́tò ńlá tó ní bẹ́ẹ̀dì àti ilé ìdáná. Wọ́n ti dé ààfin Ọwá ní Iléṣà.

"Mà, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ẹ máa wọlé lọ, mò ń wá ibi tí màá páàkì sí," ni ìyàwó dáhùn láti ìdí ọkọ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, kò sí mọ́tò. Afinimọ̀nà pè é lórí fóònù.

"Mo ti wà lọ́nà Àkúrẹ́," ni obìnrin náà wí. "Kò mọ̀ mí mọ́. Ìtọ́jú rẹ̀ ti sú mi." Ó pa fóònù.

Bàbá ń rẹ́rìn-ín. "Lọ pe ìyàwó mi kó wá wo ilé yìí. Ó máa wù ú."

Afinimọ̀nà rántí yàrá kan ṣoṣo tí òun àti ẹbí rẹ̀ ń sùn sí. Ó fi bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi.

"Mò ń lọ pè wọ́n wá, Bàbá. Ẹ má kúrò níbí o."

"O ṣeun, ọmọ mi."

Ọkọ̀ Òṣogbo kan dúró. Afinimọ̀nà wọ̀ ọ́, kò sì bojú wẹ̀yìn.