Ojú Tí Ìbídùn Fi Òdòdó Bò

Torí ẹ̀rù ayé ni Ìbídùn ṣe fi òdòdó bo ojú ọmọ rẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta nínú àwòrán tó gbé sórí ìkànnì. Nírọ̀lẹ́, iná lọ. Ajá ilé, tó máa ń gbó mọ́ gbogbo àlejò, rọra wọ abẹ́ àga lọ. Ni obìnrin kan bá kan ilẹ̀kùn.

“Ẹ kú ewu ọmọ, ìyá ìkókó.”

“Ta ló júwe ilé wa fún yín?”

“Kò sẹ́ni tó júwe. Fóònù yín ti kọ ibi tí ẹ ti ya àwòrán ọmọ yín sínú àwòrán náà.”

Ìbídùn fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Ó sáré lọ gbé ọmọ. Kó tó dé ẹnu yàrá ló gbọ́ ohùn obìnrin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ, jẹ́jẹ́:

“Ojú tí ẹ bò yẹn ni mo wá wò.”