Pẹ́ńsùlù Ọrùn Gìtá

Ogójì ọjọ́ lẹ́yìn tí a sin Àwẹ̀ró, aya mi, mo dá jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní ìrọ̀lẹ́, mo ń ta gìtá sí orin rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ga ju tèmi lọ. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe máa ń fi rọ́bà so pẹ́ńsùlù mọ́ ọrùn gìtá, kí ohùn okùn lè lọ sókè. Mo ti tú u kúrò.

Àga àwọn akọrin dún kẹ́ẹ́. N kò rí ẹnì kankan.

“Bàbá Ìbídùn, ó lọ sílẹ̀ jù! Ṣé ohùn ọ̀pọ̀lọ́ lẹ fẹ́ kí n fi kọ ọ́ ni?”

Bó ṣe máa ń bú mi nìyẹn. Mo pe Jésù, mo so pẹ́ńsùlù náà mọ́ irin kẹta nínú àwọn irin tó dábùú ọrùn gìtá.

“Àwẹ̀ró, ọmọ ẹyẹ tí í kọrin jí ìlú, kọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan péré.”

“Kò tíì tó.”

Mo sún un sí ìkarùn-ún.

“Kò tíì tó, olówó orí mi.” Ohùn náà ti dé àjà.

Mo ń sún un títí ó fi kan àpótí gìtá, tí okùn ń ké bí ẹ̀fọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Olúwa, mo na ọwọ́ títí.

Ohùn Àwẹ̀ró, tó ti tín-ín-rín bí òwú, dáhùn láti òkè òrùlé:

“Ẹ mú un sọ̀kalẹ̀ síbi tó bá ohùn tiyín mu. Ẹ máa dá a kọ.”