Àdúgbò Tí Igbe Kì Í Pamọ́

Alágbàtà ilé mọ ojú tó wú. Ojú tirẹ̀ náà ti wú bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tó ṣì wà lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ. Nígbà tí tíṣà wọ ọ́fíìsì rẹ̀ pẹ̀lú awò dúdú lójú, bẹ́ẹ̀ òjò ló ń rọ̀ níta, alágbàtà kò béèrè ìdí. Ó fún un ní àga, ó wá wo ọkọ tíṣà tó wọlé tẹ̀lé e.

Káfíńtà ni ọkọ. Apá rẹ̀ rí bí ìtì igi, ó sì fi báńdéèjì di ọwọ́ ọ̀tún. Lókè báńdéèjì náà, ojú eyín hàn. Alágbàtà mọ bí eyín ṣe ń wọ ọwọ́ ọkùnrin: ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn ló ń gé e jẹ.

Ọmọ wọn méjì dúró lẹ́yìn. Èyí ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, kí alágbàtà tẹ̀ríntẹ̀rín, ó sì bá a gbé àga. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ń wo ilẹ̀.

"Ìlú yìí la fẹ́ kó wá," káfíńtà wí. "A ò fẹ́ àárín ìgboro. Ẹ wá ẹ̀yìn ìlú fún wa, ibi tó dákẹ́."

"Nítorí iṣẹ́ yín ni?"

"Nítorí àwọn ọmọ." Ó bojú wẹ̀yìn wò wọ́n. "Ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n máa ń wádìí ọmọ níbi tó ti ń bọ̀?"

"Ọwọ́ ọ̀gá wọn nìyẹn kù sí, sà."

Ó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wọn lọ wo ilé kìíní. Òpin títì ló wà, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Ilẹ̀ òfìfo ló wà lọ́tùn-ún, òfìfo ló wà lósì. Káfíńtà kò wo ilé ìdáná. Ìlẹ̀kùn yàrá ló lọ bá, ó fi ìka kàn án kó-kó-kó.

"Igi yìí dáa. Mo lè fi irin dábùú ẹ̀."

"Èèyàn lè ké níbí títí kí ẹnikẹ́ni má gbọ́," alágbàtà wí, ó ń wo ojú rẹ̀.

"Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ilé ẹni, kí ló kan aráyé?"

Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ro alágbàtà. Ibi tí ọkọ rẹ̀ ti fọ́ ọ lọ́jọ́sí ni. Ilé tiwọn náà dá dúró bẹ́ẹ̀. Ó ké títí ohùn fi há; ajá nìkan ló dá a lóhùn.

Ó bá tíṣà nínú ilé ìdáná. "Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Ibo ló wù yín?"

Tíṣà wo pálọ̀, níbi tí ọkọ rẹ̀ àti ọmọkùnrin rẹ̀ dúró sí. "Ibi tí kò bá ti ní í bí wọn nínú."

Nígbà tí wọ́n ń padà sídìí ọkọ̀, ọmọkùnrin náà rọra fà sẹ́yìn. Omi wà lójú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba ilé yìí. Dádì á pa Mọ́mì síbẹ̀."

Alágbàtà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fún un ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó pe káfíńtà pé ẹlòmíì ti gba ilé náà. Irọ́ ni. Àdúgbò tí ilé ti fara kan ilé ló kó wọn lọ. Bí èèyàn bá sín níbẹ̀, aládùúgbò á ní pẹ̀lẹ́. Káfíńtà wo ògiri náà pẹ́, ó mi orí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tuntun ń dúró dè é, kò sì rí ibòmíì, ó bá gbà á. Kí alágbàtà tó kúrò ládùúgbò, ó yà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó wà nílé kejì.

"Ẹ bá mi fi etí síbẹ̀. Ọkùnrin yẹn ń lu ìyàwó ẹ̀."

"Kó dán an wò," mẹkáníìkì wí. "Ó pẹ́ tọ́wọ́ ti ń yún èmi náà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti kó wọlé, fóònù alágbàtà dún. "Mà, ẹ tètè máa bọ̀!" Ọmọkùnrin náà ni, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Alágbàtà pe mẹkáníìkì, òun náà sì gbéra.

Nígbà tí wọ́n já wọlé, ẹ̀jẹ̀ ti ta sí ògiri. Tíṣà dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ètè rẹ̀ ti ya; ọmọbìnrin rẹ̀ sá sábẹ́ tábìlì. Káfíńtà gun ọmọkùnrin rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi eékún tẹ apá rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ gbà mí!" ọmọ ké.

Sípánà ni mẹkáníìkì fi kọ́kọ́ lu káfíńtà. Apá rẹ̀ kán pàù. Wọ́n wọ́ ọ jáde sí títì, àwọn mìíràn sì dà bò ó: ẹni tó fi bàtà, ẹni tó fi pákó, ẹni tó gbé òkúta. Káfíńtà kò dá ọ̀kan padà. Ilé ló ń nawọ́ sí.

"Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀!"

Mẹkáníìkì ta á nípàá lẹ́nu.

Tíṣà fàyà fà dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ fi í sílẹ̀! Ọkọ mi kọ́! Ọkọ mi kọ́ o!"

Alágbàtà gbá a mọ́ra, kò jẹ́ kó rìn. Òun náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, níwájú dókítà: ọkọ mi kọ́, orí àtẹ̀gùn ni mo ti ṣubú.

Òkúta ba káfíńtà lórí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dákẹ́. Nígbà tí ọlọ́pàá fi máa dé, olúkúlùkù ti wọlé, ó ti tilẹ̀kùn. Wọ́n fi aṣọ bo òkú, wọ́n gbé e lọ.

Alágbàtà nu ẹnu tíṣà. "Ó ti parí, mà. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn yín mọ́ nínú ilé yìí."

Ọmọkùnrin tíṣà sin alágbàtà dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ ṣé gan-an, mà," ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Alágbàtà ń kọjá lábẹ́ fèrèsé lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tó gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí nínú ìlẹ̀kùn, ó bojú wo inú ilé, ó sì rí tíṣà lórí eékún méjèèjì níwájú ọmọkùnrin tó bí, ó fi ọwọ́ bo orí, ó ń wí pé, "Bàbá mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má lù mí lónìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sunkún ọkọ mi."