Tíṣà Akíntọ́lá àti Iná Pupa Omifunfun

Ẹ̀yin ará, ẹ ka ìtàn yìí títí dé ìdí rẹ̀. Ẹni tó bá já a sílẹ̀ láàárín ọ̀nà, ẹ̀yìn tíṣà ni yóò máa gbè sí, bẹ́ẹ̀ tíṣà kò jàre.

1.
Ní ọdún 1981, nígbà tí owó epo ń ṣàn débi pé ìjọba ń rán ènìyàn lọ kọ́ ohun tí kò tíì sí nílùú, wọ́n rán Ọ̀gbẹ́ni Benson Akíntọ́lá, tíṣà iṣẹ́ ọwọ́ ní Ore, lọ sí òkè òkun fún ọdún kan. Nígbà tó dé, kò ra mọ́tò, kò ra firíìjì. Pátákó pẹlẹbẹ kan ló gbé bọ̀, tí ohun dúdú kan tó ń pè ní ọpọlọ lẹ̀ mọ́ láàárín, ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ bí ọ̀kùn. Bọ́tìnnì wẹ́wẹ́ wà létí rẹ̀. Àṣẹ tí tíṣà bá fi bọ́tìnnì wọ̀nyí tẹ̀ sínú rẹ̀ ni ọpọlọ náà yóò máa tẹ̀ lé: kó tan iná, kó pa á, kó yí ẹ́ńjìnnì, kó dá a dúró. Kì í rẹ̀ ẹ́, kì í jiyàn. Ìyàwó tíṣà ní bí irú rẹ̀ bá ti wà nígbà tí òun ń wá ọkọ, òun kì bá tí wá jìnnà.

Láti ìgbà náà ni ọrùn tíṣà ti le. Bí ènìyàn bá kí i, á kọ́kọ́ ronú kó tó dáhùn, bíi pé ìkíni náà gba ìṣirò.

2.
Àwọn obìnrin tó ń ṣe gàrí ní Omifunfun ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, wọ́n sì ní jẹnẹrétọ̀. Tíṣà lọ bá wọn pé òun yóò fún ẹ̀rọ wọn ní ọpọlọ, ọ̀gá kan yóò sì ti Àkúrẹ́ wá wò ó. Ó ti ń rí àwòrán ara rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn.

Ó kọ àṣẹ náà sínú ìwé kó tó tẹ̀ ẹ́: Tan iná pupa. Ka ogún, kí wọ́n fi ọwọ́ kó èèpo tó há sínú ẹ̀rọ kúrò. Pa pupa. Tan iná kejì. Ka márùn-ún, kí wọ́n yọwọ́. Yí ẹ́ńjìnnì. Ka ọgọ́rùn-ún. Dá a dúró. Tún bẹ̀rẹ̀.

Màmúdù, tó ń bá wọn tún ẹ̀rọ ṣe, wò ó títí.

"Tíṣà, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń wọ inú ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó ní bọ́tìnnì tirẹ̀. Bí òun kò bá tíì tẹ̀ ẹ́, kó má yí."

"Màmúdù, ẹ̀rọ tó ti ní ọpọlọ, kí ló tún fẹ́ fi ọwọ́ ènìyàn ṣe?"

"Ọwọ́ ènìyàn náà ni mò ń sọ, sà."

Tíṣà kọjú sí àwọn obìnrin. "Tí pupa bá tàn, ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Tí pupa bá kú, ẹ yọwọ́. Ó parí."

Màmá Theresa, olórí wọn, dìde, ó wo gílóòbù méjèèjì tó wà lórí ẹ̀rọ. "Ẹ má bínú o, Tíṣà. Èwo nínú pupa?"

"Èwo nínú pupa kẹ̀? Màmá, pupa ni pupa! Àbí pupa tún ní àbúrò ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Màmá Theresa náà fi etí gèlè bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó. Kò bèèrè mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ kò sì tíì kán sílẹ̀.

3.
Ọjọ́ pé. Ọ̀gá láti Àkúrẹ́ dé, ó mu mínírà méjì kó tó kí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ yí, ó dúró, ó tún yí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Tíṣà kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀rọ, ó ń ṣàlàyé fún ọ̀gá.

Iná àkọ́kọ́ kú. Iná kejì tàn. Irin ẹ̀rọ dúró jẹ́ẹ́ bí àgùntàn. Màmá Theresa ki ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ ọ́ láti fa èèpo tó há yọ.

Ọpọlọ náà kì í jiyàn. Ó ka márùn-ún, ó sì yí.

Kí Màmúdù tó já wáyà ẹ́ńjìnnì, ìka méjì ti lọ.

Ó yẹ kí tíṣà sáré gbé e. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni: "Mo sọ fún un! Mo ní tí pupa bá kú kó yọwọ́!"

Màmá Theresa wà nílẹ̀, wọ́n ń fi ìró di ọwọ́ rẹ̀. "Pupa ò kú, Tíṣà. Òun ló ṣì ń tàn yẹn."

Tíṣà nawọ́ sí gílóòbù iná kejì. "Ẹ̀yin tó kù, ẹ bá mi wò ó! Iná wo nìyí?"

"Pupa ni!" Ohùn wọn ṣọ̀kan.

"Yẹ́lò ni!"

"Tíṣà," ni Màmúdù wí pẹ̀lẹ́, "gàrí tí wọ́n fi epo sí nínú abọ́ yẹn, kí lẹ̀ ń pè é?"

Tíṣà wo abọ́, ó wo gílóòbù. Gàrí pupa ni ìyá tó bí i ń pè é. Gàrí pupa ni òun náà mu kó tó kúrò nílé láàárọ̀. Gàrí náà rèé, gílóòbù rèé: àwọ̀ kan náà. Òkè òkun nìkan ló ti di yẹ́lò.

Nígbà tó máa fi bojú wẹ̀yìn, ọ̀gá ti wà nínú mọ́tò.

4.
Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí lẹ́tà dé: wọ́n gbé tíṣà lọ sí ilé ìwé kan tí kò ní iná rárá. Ìyẹn kọ́ ni ìyà rẹ̀.

Kó tó lọ, ó yà ní ọsibítù. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bẹ́ẹ̀dì Màmá Theresa. Ó ti múra sílẹ̀ fún èébú; ó tilẹ̀ ń retí rẹ̀.

"Ẹ dìde, Tíṣà," ni màmá wí. "Ẹjọ́ yín kọ́. Èmi ni mi ò tún un bèèrè. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ojú wá tì mí."

Tíṣà kò lè dìde. Ó pẹ́ nílẹ̀ débi pé nọ́ọ̀sì tó ń kọjá bi í bóyá òun náà ti gba káàdì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹ̀rọ, ẹ ṣọ́ra o. Bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ máa wọ inú iṣẹ́ yín bá bi yín ní ìbéèrè, ẹ dáhùn, bó ti wù kó jọ ọ̀rọ̀ ọmọdé tó. Ẹni tí ẹ bá fi rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan kì í bèèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fún ọ̀mọ̀wé kan tí ẹ mọ̀ ní ìtàn yìí kà, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún un pé òun ni ẹ ń bá wí.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.