Ẹni Tó Ní "Àgò"

Àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn ráyè kun ògiri. Wọn ò ráyè tún ẹ̀rọ omi ṣe. Nọ́ọ̀sì Fẹ̀hìntọlá ò rómi fọwọ́, ó kàn fi aṣọ nù ún lẹ́yìn tó tọ́jú Ìyá Olúkòyà, tó wà láàárín ikú òun ìyè, tí rọ́bà tó fi ń mí wà lẹ́nu rẹ̀, tí kòkòrò àrùn ara rẹ̀ ò ka oògùn kankan sí mọ́.

Bó ṣe fẹ́ kọjá sí yàrá kejì, ẹnìkan ní, "Àgò o."

"Àgò yà," ló fi dáhùn, bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ilé. Ó ṣílẹ̀kùn. Kò sẹ́ni níta.

Ẹ̀yìn rẹ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì Ìyá Olúkòyà, ni ohùn náà ti wá. Ohun tútù kan fara kan ọwọ́ rẹ̀, ó sì ṣíwájú rẹ̀ jáde.

Ní yàrá kejì, baba tí ara rẹ̀ ti ń yá pè é. "Nọ́ọ̀sì, òtútù ń mú mi."