Irun Funfun Nídìí Ìrù

Ó fi ìdí ìbọn gbá mi lẹ́nu, eyín mi kan bọ́ sílẹ̀.

"Docteur, má fi ọ̀bẹ kàn án. Mi ò lè wo ẹ̀jẹ̀ ẹranko."

Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ṣòkòtò tirẹ̀ dé orúnkún.

Avril 2011 nìyí, ìbọn ń dún káàkiri Marcory, àdúgbò wa. Furet ló gbé ka orí tábìlì tí mo ti ń tọ́jú ẹranko, ẹranko tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ju okété lọ. Kókó kan wú sí i léjìká.

"Azote ni màá fọ́n sí i, chef. Òtútù rẹ̀ ń jó ẹran bí iná. Kókó náà á gbẹ, á já."

"Tó bá kú, ìwọ náà á kú. Láti kékeré ni mo ti ń sìn ín."

Mo yí ẹranko náà padà. Àmì irun funfun kan wà nídìí ìrù rẹ̀, ó rí roboto.

Ibi tí azote bá ti jó ẹran, funfun ni irun ń hù padà níbẹ̀.

Èmi ni mo jó ibẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Marie-Laure, àbúrò mi obìnrin, ló gbé e wá láti ilé rẹ̀ ní Zone 4. Kò lè fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láàyè rẹ̀.

Láti àná ni mo ti ń pè é, kò gbé téléfóònù.

Mo gbé ẹnu ìgò azote sókè díẹ̀, kúrò lára ẹranko náà.

"Ẹ sún mọ́ ibí, chef. Ẹ la ojú yín dáadáa, kẹ́ ẹ wò ó."